Ẹni Tó Ń Wọn Ihò Dónọ́ọ̀tì

Ọjọ́ tí Bàbá Aláago kọ́kọ́ wọ Ilé Ẹ̀ka, wọ́n ní kó dárúkọ ara rẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní kọfí. Títí dòní, bí ẹ bá fẹ́ kí gbogbo àdúgbò wa bú sẹ́rìn-ín, ẹ ṣáà ti sọ pé "orúkọ." Wọn á ti mọ ibi tí ẹ ń lọ.

Ilé Ẹ̀ka ni ilé kọfí àti dónọ́ọ̀tì ńlá tó ṣí sí ìkángun òpópónà wa. Ó lórúkọ gidi tí wọ́n fi iná aláwọ̀ mèremère kọ sókè orí rẹ̀, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kan náà ló wà ní gbogbo ìlú tí ènìyàn bá dé: àga kan náà, àwo kan náà, ẹ̀rín òṣìṣẹ́ kan náà. Bàbá Aláago ló sọ ọ́ ní Ilé Ẹ̀ka. Ó ní òun ti ń wá ìdí igi náà láti ọjọ́ yìí, ẹ̀ka nìkan lòun ń rí.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó dúró nídìí káńtà, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Ẹ fún mi ní kọfí kékeré kan."

Ọmọbìnrin tó ń tajà rẹ́rìn-ín músẹ́. "A ò ní kékeré, sà. A ní ńlá, a ní ńlá gan-an, a sì ní ńlá jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Nínú àwọn ńlá yẹn, èwo ló kéré?"

"Ńlá ni, sà."

"Ó dáa. Fún mi ní ńlá tó kéré."

Ọmọ náà mú ife oníbébà kan, ó ṣí bírò. "Kí lorúkọ yín, sà?"

Bàbá Aláago wẹ̀yìn wò, bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí. "Orúkọ ta?"

"Tiyín, sà. A máa kọ ọ́ sára ife ni."

"Kọfí ni mo wá rà, mi ò wá tọrọ ìyàwó. Kí ni ti ìwádìí ìdílé?"

"Bí wọ́n ṣe ní ká máa ṣe é nìyẹn, sà."

"Ọmọ tí mo lè bí ìyá ẹ, ìwọ lò ń bi mí lórúkọ lójú gbogbo ayé. Ó dáa, tí o bá kọ ọ́ tán, tí mo sì mu kọfí mi tán, níbo ni ife yẹn ń lọ?"

"Inú pàǹtírí, sà."

"Ìwọ náà gbọ́ ohun tí o sọ."

Ìlà àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ ti gùn dé ẹnu ọ̀nà. Ẹnì kan húkọ́. Ẹnì kan wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó tún fi han ẹnì kejì rẹ̀. Nígbà tó yá, Bàbá rọ̀ díẹ̀, ó ní, "Kọ 'Bàbá.' Ìyẹn náà tó."

Ọmọ náà kọ ọ́. Àárọ̀ Sátidé sì ni, àsìkò tí àwọn baálé ilé máa ń sá jáde kúrò lọ́wọ́ iṣẹ́ ilé. Ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn náà, ọmọ náà gbé ife sókè, ó ké tantan pé, "Bàbá!"

Ọkùnrin mẹ́sàn-án dìde.

Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù nínú wọn ni Onígbàjámọ̀, tó ní ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun ní òdìkejì títì. Ó ti mu ìdajì kí Bàbá Aláago tó yọ ẹsẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

"Kọfí mi nìyẹn!"

"'Bàbá' ni wọ́n pè," Onígbàjámọ̀ wí, ó ń nu ètè. "Mo bí ọmọ márùn-ún. Ìwọ ńkọ́?"

"Mẹ́ta."

"O ò rí i?"

Bàbá Aláago jáde láìfẹnu kan nǹkan kan. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà, ó ní, "Ilé tí kò lè dá bàbá kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì, ẹ̀yin ẹ máa jẹun níbẹ̀." Láti ọjọ́ yẹn ni ọmọbìnrin náà ti ń jẹ́ Akọ̀wé Ife lẹ́nu gbogbo wa, kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ Bàbá Aláago lè rò pé ìjàngbọ̀n ló fẹ́ràn. Irọ́ ni. Ohun tí ó fẹ́ràn ni kí nǹkan máa yàtọ̀ síra. Ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún aago ṣe kò fẹ̀ ju ìgbà tí ènìyàn bá na apá méjèèjì lọ, ogójì aago ló sì so mọ́ ògiri rẹ̀, tí kò sí méjì tó gbà fún ara wọn. Bí ẹ bá yọjú wọlé pé, "Bàbá, aago mélòó ló lù?" á gbójú sókè láti ìdí iṣẹ́, á ní, "Ti ta ni?"

Àwọn oníbàárà rẹ̀ sọ fún un pé èyí kò bójú mu fún ẹni tó ń tún aago ṣe. Ó ní, "Bí aago méjì bá ń sọ nǹkan kan náà nígbà gbogbo, a jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ò níṣẹ́."

Ògiri kan ló pààlà láàárín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ti Ìyá Oníkọfí. Tábìlì mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀. Èyí tó wà lẹ́bàá fèrèsé, ti Bàbá Aláago ni. Ẹsẹ̀ kan àga rẹ̀ kúrú, ó sì ti ká bébà sábẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí àwa ọmọ àdúgbò ṣì ń wọ aṣọ ilé ìwé. Ife rẹ̀ sán lẹ́bàá etí. Ìyá Oníkọfí ra òmíràn fún un, ó dá a padà. Ó ní ètè òun ti mọ ibi tó sán, kò sì yẹ kí ènìyàn máa bá ètè àgbàlagbà ṣeré. Kọfí ibẹ̀ dúdú débi pé ẹ lè fi kọ lẹ́tà. Ìyá Oníkọfí fúnra rẹ̀, opó ni, ohùn rẹ̀ le, ó sì máa ń bá oníbàárà jà kó tó bi í pé kí ló fẹ́ jẹ.

"Ẹ ò ní nu ẹsẹ̀ ni, àbí ilé bàbá yín rèé?"

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Ẹ káàárọ̀ kì í nu ẹsẹ̀."

Onígbàjámọ̀ ò lè fara da èyí. Òun fẹ́ràn Ilé Ẹ̀ka: afẹ́fẹ́ tútù, àga tó ń gbé ìdí ènìyàn mì, dónọ́ọ̀tì tí wọ́n da ṣúgà aláwọ̀ mẹ́rin lé lórí. Láràárọ̀ lòun àti Bàbá Aláago máa ń pariwo síra wọn láti òdìkejì títì sí òdìkejì.

"Ṣé o mọ ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀?" Onígbàjámọ̀ á ní. "Mo mọ ohun tí mo máa bá. Dónọ́ọ̀tì àná, dónọ́ọ̀tì òní, ọ̀kan náà ni. Kì í yí padà."

"Òkú náà kì í yí padà," Bàbá Aláago á dáhùn, á sì wọlé lọ mu kọfí rẹ̀.

Nínú àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀, ó ní irinṣẹ́ kékeré kan tó fi ń wọn eyín inú aago, onírin, ẹlẹ́nu méjì bíi ti akàn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Oníkọfí gbé dónọ́ọ̀tì síwájú rẹ̀. Ó yọ irinṣẹ́ náà, ó tì í bọnú ihò àárín rẹ̀, ó di ojú kan.

"Ìyá Oníkọfí!"

"Kí ló tún dé?"

"Ihò òní tóbi ju ti àná lọ."

"Ẹ jẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ fi ihò sílẹ̀ fún mi."

"Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn. Èyí tí ẹ yọ kúrò níbẹ̀, tèmi ni. Níbo ló wà?"

"Bàbá Aláago, ṣé afẹ́fẹ́ lẹ wá ń ná lọ́wọ́ mi?"

"Kì í ṣe afẹ́fẹ́. Fúláwà ni kí ẹ tó yọ ọ́. Ta ló sọ ọ́ di afẹ́fẹ́?"

Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí aago mẹ́sàn-án fi lù ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ó sì lù fún bí ogún ìṣẹ́jú. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Ìyá Oníkọfí gbé dónọ́ọ̀tì dé, nǹkan róbótó kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí kò tóbi ju ọmọ ayò lọ. Ó ti mú fúláwà tó gé kúrò láàárín, ó dín in lọ́tọ̀. Ó gbé e kalẹ̀ gbà.

"Ẹ gbà. Ihò yín rèé."

Bàbá Aláago wọ̀n ọ́n. Ó ní ó pé. Láti ìgbà náà, kò sí àárọ̀ kan tí kò gba ihò rẹ̀, òun ló sì máa ń jẹ gbẹ̀yìn. Ó ní àwọn èèyàn tí kò lẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló ń jẹun láìjẹ ihò.

Ṣùgbọ́n ní ọdún tí Ilé Ẹ̀ka ṣí, ẹ̀rín dín kù ní ṣọ́ọ̀bù náà. Tábìlì mẹ́ta máa ń ṣófo láti àárọ̀ dọ̀sán. Ní Mọ́ńdè kan, bí Ìyá Oníkọfí ṣe ń bu kọfí fún Bàbá Aláago, ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò máa rọ̀: "Tí oṣù yìí bá parí, mo máa ti ilẹ̀kùn yìí pa."

"Kí ẹ lọ síbo?"

"Kí n lọ jókòó."

Bàbá Aláago kò jẹ ihò rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó rò pé òun mọ ẹni tó fa ọ̀ràn. Ó jáde sí ẹnu títì, ó nàka sí iná mèremère tó wà ní ìkángun, ó búra lójú gbogbo ènìyàn pé dónọ́ọ̀tì Ìyá Oníkọfí ló dùn jù, pé bí wọ́n bá di òun lójú nínú òkùnkùn biribiri, ahọ́n òun á mọ̀ ọ́n. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun náà ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Onígbàjámọ̀ ní, "Ó yá, ká dì ọ́ lójú."

Bí ìdíje ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bàbá Aláago kọ ọ́ sára pátákó síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: SÁTIDÉ, AAGO MẸ́WÀÁ, AHỌ́N YÓÒ SỌ̀RỌ̀. Ẹnì kan fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, *Aago mẹ́wàá ti ta ni?*

Gbogbo òpópónà ló jáde. Wọ́n gbé tábìlì sí iwájú ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun. Ìyá Oníkọfí gbé àwo tirẹ̀ wá láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá Ilé Ẹ̀ka rán Akọ̀wé Ife wá pẹ̀lú páálí dónọ́ọ̀tì, ọmọ náà sì dúró sẹ́yìn bí ẹni pé wọ́n fẹ́ nà án. Onígbàjámọ̀ fi aṣọ ìgẹrun rẹ̀ di Bàbá Aláago lójú, Bàbá sì sín lẹ́ẹ̀mẹta.

"Irun ta ni mò ń fà símú yìí?"

"Ti ẹni tó sanwó. Lanu jàre."

Wọ́n fi àkọ́kọ́ sí i lẹ́nu. Ó jẹ ẹ́, ó jẹ ẹ́, ó gbé e láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún lọ sí tòsì. Wọ́n fi èkejì sí i lẹ́nu. Ojú rẹ̀ wà lábẹ́ aṣọ, ṣùgbọ́n a rí bí gbogbo ìyókù orí rẹ̀ ṣe ń rẹ́rìn-ín.

"Èyí ni! Ẹ gbọ́ o, gbogbo yín! Ọwọ́ tó po èyí, ọwọ́ èèyàn ni. Ó mọ ìgbà tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́, ó mọ ìgbà tó yẹ kó fi í sílẹ̀ kó sinmi. Ti àkọ́kọ́ yẹn, ẹ gbé e fún ẹni tó bá ń wá òkúta tó máa fi há ilẹ̀kùn!"

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ó ṣí aṣọ lójú, ó rí i pé inú páálí Ilé Ẹ̀ka ni èkejì ti wá. Onígbàjámọ̀ nìkan ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, òun náà sì gbé e mì nígbà tó rí ojú Ìyá Oníkọfí, tó ń kó òkúta rẹ̀ wọlé.

Nígbà tí èrò tú ká, Bàbá Aláago wọlé lọ bá a. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ibi ìdáná. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí a ti mọ̀ ọ́n, ó nu ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ìyá Oníkọfí, ẹ jọ̀ọ́..."

"Ahọ́n yín ò purọ́," obìnrin náà wí, kò yíjú. "Òkúta ni. Èmi náà mọ̀." Ó wá na ọwọ́ méjèèjì sí i lábẹ́ iná. Oríkèé ìka rẹ̀ ti wú bíi kókó ara igi. "Oṣù keje rèé tí ọwọ́ yìí ò gbọ́ tèmi mọ́. Tí mo bá tẹ fúláwà lẹ́ẹ̀mẹrin, omi á bọ́ lójú mi. Ẹ rò pé Ilé Ẹ̀ka ló ń lé mi lọ? Àwọn yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ọwọ́ mi ti ń lọ kí wọ́n tó dé."

"Ẹ ò sọ fún mi."

"Ẹ̀yin tí ẹ ń wo nǹkan kín-ín-kín-ín lójoojúmọ́."

"Ihò ni mò ń wọ̀n," Bàbá Aláago ní. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ihò ni mò ń wọ̀n láti ọjọ́ yìí. Mi ò wo ọwọ́."

Ó kó àwọn dónọ́ọ̀tì tó ṣẹ́kù nínú páálí Ilé Ẹ̀ka lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Àwọn kan ní ojú ń tì í. Àwọn kan ní ó ń sunkún. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: Bàbá Aláago ti há awò iṣẹ́ rẹ̀ sójú, ó to dónọ́ọ̀tì márùn-ún sórí tábìlì, ó ń wọn ihò wọn. Ihò Ilé Ẹ̀ka kì í yàtọ̀ síra. Ó ti wọ̀n wọ́n rí, ẹ̀rọ ló ń gé wọn. Ṣùgbọ́n nínú márùn-ún yìí, kò sí méjì tó gbà fún ara wọn.

Ó bú sẹ́rìn-ín tó fi jẹ́ pé Onígbàjámọ̀ gbọ́ ọ láti òdìkejì títì. Onígbàjámọ̀ sọ fún oníbàárà tó wà lábẹ́ abẹ rẹ̀ pé, "Orí rẹ̀ ti yí."

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, Bàbá Aláago tò sórí ìlà ní Ilé Ẹ̀ka. Nígbà tó dé iwájú, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Dónọ́ọ̀tì Sátidé. Ta ló pò ó?"

Akọ̀wé Ife wo ẹ̀yìn bóyá ọ̀gá rẹ̀ wà nítòsí. "Ẹ̀rọ bàjẹ́ lọ́jọ́ yẹn, sà. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ mọ̀. Èmi ni mo fọwọ́ pò ó."

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ìyá ìyá mi. Ẹ jọ̀ọ́, sà, kí lorúkọ yín? Ọ̀gá mi ń wò mí."

Bàbá wo ọ̀gá náà. "Kọ 'Kò Kàn Yín.'"

Ọmọ náà kọ ọ́, iṣẹ́ ni iṣẹ́. Nígbà tí kọfí délẹ̀, ó ké e síta bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ìyàwó ilé kan tó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ dìde pé, "Èmi lò ń bá wí?"

Lọ́jọ́ kejì, ó ní kó kọ "Ẹ Dákẹ́." Ilé Ẹ̀ka pa lọ́lọ́ fún odidi ìṣẹ́jú kan.

Ọjọ́ mẹ́fà gbáko ló fi lọ bẹ́ẹ̀, gbogbo àdúgbò sì ń wò ó. Wọ́n ní Bàbá Aláago ti dalẹ̀ Ìyá Oníkọfí. Onígbàjámọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́, ó ń kí i, "Ẹ káàbọ̀ sí ìlú ọ̀làjú, sà! Ṣé àga yẹn ti gbé ìdí yín mì?" Bàbá Aláago, ẹni tí kì í jẹ ọ̀rọ̀ kan ní gbèsè ìdáhùn, kò dá a lóhùn. Ìyẹn ló jẹ́ kó dá wa lójú pé ọ̀ràn náà wúwo.

Ohun tó ń bẹ ọmọ náà fún kò ju pé kó wá fọwọ́ rẹ̀ bá Ìyá Oníkọfí po fúláwà, kí ìyá náà sì fi orí rẹ̀ darí rẹ̀. "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ kèrègbè. Ó lóhun tó mọ̀ tí ìwọ ò mọ̀. O lóhun tí o lè ṣe tí òun ò lè ṣe mọ́."

"Bàbá, iṣẹ́ tó dájú nìyí. Ṣọ́ọ̀bù tó fẹ́ ti ilẹ̀kùn lẹ ní kí n wá."

"Tí o bá wá, kò ní tì í."

Lọ́jọ́ keje, ọmọ náà gbé bírò sílẹ̀. Ó ní, "Màá wá wò ó ní ọjọ́ ìsinmi mi. Ṣùgbọ́n ẹ máa sọ orúkọ yín fún mi. Orúkọ gidi."

Àwọn tó wà lórí ìlà ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wa. Ènìyàn tí kò sọ orúkọ rẹ̀ fún oníbàárà ogójì ọdún! Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tẹ̀ síwájú lórí káńtà, ó sọ ọ́ sí ọmọ náà létí. Ọmọ náà ò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀ sẹ́yìn káńtà, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà," bí ẹni ń kí ènìyàn fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò kọ ọ́ sára ife.

Ní ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, Bàbá Aláago mú un wọ ibi ìdáná Ìyá Oníkọfí.

"Ọmọ Ilé Ẹ̀ka? Nínú ilé ìdáná mi?"

"Ẹ jẹ́ kó pò ó lẹ́ẹ̀kan."

"Kó kọ́kọ́ nu ẹsẹ̀!"

Ìjà ni wọ́n fi gbogbo àárọ̀ ọjọ́ náà jà. Omi pọ̀ jù. Ó yá jù. Ta ló ní kó da ṣúgà síbẹ̀ báyìí? Bàbá Aláago jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó di àga mú bí ẹni wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tó yá, òróró dákẹ́, ilé dákẹ́. Ìyá Oníkọfí bu dónọ́ọ̀tì jẹ. Ó jẹ ẹ́ títí ó fi tán, ó lá ìka tó wú náà, ó ní, "Iyọ̀ rẹ̀ kéré."

Bàbá Aláago bẹ̀rẹ̀ sí í jó lórí àga. Ogún ọdún lé ló ti ń jẹun níbẹ̀. Kò tíì gbọ́ kí obìnrin náà yin ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Oṣù parí, ilẹ̀kùn ò tì. Akọ̀wé Ife fi Ilé Ẹ̀ka sílẹ̀. Ìyá Oníkọfí gbé àga sí ìdí iná, ó ń fẹnu po fúláwà, ọmọ náà ń fọwọ́ pò ó. Tábìlì kejì kún, ẹ̀kẹta kún. Nígbà tó yá, Onígbàjámọ̀ fúnra rẹ̀ yọjú ní Sátidé kan, ó ní ẹ̀rọ amúlétutù Ilé Ẹ̀ka ti ń mú òun láyà. Wọ́n fún un ní àga. Kò gbé e nídìí mì. Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó tún padà wá. Bàbá Aláago bá a yọ, ó sì fi ọdún méjì gbáko rán an létí rẹ̀.

Ní òpin ọdún méjì náà ni Bàbá Aláago sùn ní alẹ́ ọjọ́ kan, tí kò sì jí. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé, wọ́n lẹ ìwé ìkéde òkú tí kò láwòrán mọ́ ara ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sára rẹ̀. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí: gbogbo àdúgbò kà á, wọ́n ní, "Ta lèyí? Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere o," wọ́n sì kọjá lọ mu kọfí. Onígbàjámọ̀ tiẹ̀ kan ilẹ̀kùn, ó ní, "Aláago! Jáde wá, wọ́n ti lẹ òkú ẹlòmíràn mọ́ ẹ lára!"

Ẹnì kan ṣoṣo ló kà á tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Akọ̀wé Ife ni. Nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n tì pa, aago ogójì ń lù lọ, olúkúlùkù pẹ̀lú àsìkò tirẹ̀.

Orúkọ náà gùn, ó sì lẹ́wà. A kò ní kọ ọ́ síbí. Ta ló mọ ibi tí bébà yìí náà máa parí sí?

Sátidé tó tẹ̀ lé ìsìnkú, ṣọ́ọ̀bù Ìyá Oníkọfí kún fọ́fọ́, baálé ilé sí ọ̀tún, baálé ilé sí òsì. Ẹnikẹ́ni ò jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Akọ̀wé Ife ń bu kọfí bó ti máa ń bù ú, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ó mú ife tó sán lẹ́bàá etí, ó bù ú kún. Ó gbé dónọ́ọ̀tì kan sí àwo, ó gbé ihò rẹ̀ tì í. Ó gbé gbogbo rẹ̀ sórí káńtà, ó sì ké e bó ti ń ké e láràárọ̀ fún ọdún méjì.

"Bàbá!"

Gbogbo wọn gbójú sókè. Kò sí ẹni tó dìde.

Ọmọ náà fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Oníkọfí dá ìdáná dúró. Nígbà náà ni Onígbàjámọ̀, bàbá ọlọ́mọ márùn-ún, rọra ti àga rẹ̀ sẹ́yìn. Ó lọ sídìí káńtà, ó gbé ife náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó rọra rìn kó má baà dà, ó gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì ẹ̀bá fèrèsé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún bébà abẹ́ ẹsẹ̀ àga tó kúrú yẹn ká dáadáa. Ó sì padà sáyè rẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, kò fẹnu kàn án.